Desert Rose: Bí ẹ ṣe lè gbin òdòdó aginjù sáàárín òkúta nílé, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún oje rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní apá àríwá Nàìjíríà, tí koríko ti gbẹ, tí ọ̀pọ̀ igi sì ti wọ́wé, ìgbà náà ni igi kékeré kan tó ń hù láàárín àpáta máa ń tanná. Ó lè má sí ewé kankan lórí rẹ̀, síbẹ̀ òdòdó aláwọ̀ píǹkì á bo orí ẹ̀ka rẹ̀.

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ni Desert Rose, ìyẹn rósì inú aginjù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹbí rósì rárá. Adenium obesum ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é.

Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà máa ń tà á fún àwọn tó fẹ́ kí iwájú ilé wọn rẹwà. Àmọ́ ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á kì í mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé omi máa ń pa á ju ọ̀dá lọ. Ìkejì ni pé májèlé wà nínú oje rẹ̀.

Níbo ni òdòdó yìí ti wá?

Láti Sẹ̀nẹ̀gàl, gba Màlì, Nìjẹ́ẹ̀ àti àríwá Nàìjíríà, títí dé Sùdáànì, Etiópíà àti Sòmálíà, ni Desert Rose ti ń dá hù nínú igbó. Ó tún wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ní òdìkejì Òkun Pupa.

Ibi tí òjò kì í ti í pọ̀, tí ilẹ̀ sì jẹ́ yanrìn tàbí àpáta, ló fẹ́ràn. Ìdí rẹ̀ máa ń wú bíi kèrègbè, inú ibẹ̀ ló sì ń tọ́jú omi sí de ẹ̀ẹ̀rùn. Tí omi bá wọ́n, á gbọn ewé rẹ̀ dànù kí omi tó wà lára rẹ̀ má baà tètè tán.

Kí nìdí tó fi nílò òkúta?

Ní Yúróòpù, àwọn tó bá fẹ́ gbin òdòdó orí òkè gíga, bíi edelweiss, sílé máa ń to òkúta jọ fún un. Irú ọgbà olókùúta bẹ́ẹ̀ ti wà ní Kew, nílùú London, láti ọdún 1882. Òtútù ni àwọn òdòdó yẹn fẹ́, ooru Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sì lè bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni òkúta ń ṣe fún wọn àti fún Desert Rose: kì í jẹ́ kí omi dúró sí ìdí gbòǹgbò.

Tí omi bá dúró ti gbòǹgbò náà fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá nínú ilẹ̀ amọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ewé á pọ́n, á sì máa já bọ́. Ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún da omi sí i. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe ń kú nìyẹn.

Bí ẹ ṣe lè ṣe ọgbà náà

Ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí omi òrùlé ń dà sí.

Ẹ kọ́kọ́ da òkúta ńlá tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ po ìwọ̀n méjì yanrìn tó rí gàràgàrà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìwọ̀n kan ilẹ̀ dúdú, kí ẹ dà á lé e lórí. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè máa ṣàn lọ.

Ẹ to òkúta sí i, kí ẹ sì ri apá kan wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà yí. Àárín wọn ni kí ẹ gbin igi náà sí, kí ìdí rẹ̀ tó wú yọ sókè.

Fún ẹni tó ń gbé ní gúúsù, níbi tí òjò ti pọ̀, ìkòkò òdòdó tó ní ihò nísàlẹ̀ ló dára jù, torí ó ṣeé gbé sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà òjò. Ní Jos, tó ga ju mítà 1,000 lọ sí ojú òkun, ó yẹ kí wọ́n gbé e sún mọ́ ara ògiri ní alẹ́ tí òtútù ọyẹ́ bá mú gan-an.

Ìgbà wo ni kí ẹ bomi rin ín?

Ẹ ki ìka bọ inú yanrìn náà dé oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa, kí ẹ má sì tún fún un lómi títí yóò fi gbẹ. Lásìkò òjò, èyí tó wà níta lè má nílò omi yín rárá.

Tí ìdí rẹ̀ bá ti ń rọ̀, ẹ tètè hú u. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ibi tó rà kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Ẹ gbé e síbi òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn sínú yanrìn gbígbẹ.

Ṣé kóró ló dáa jù àbí ẹ̀ka?

Èyí tí ẹ bá gbìn láti ara kóró ló máa ń ní ìdí tó wú dáadáa. Èso rẹ̀ máa ń so ní méjìméjì bí ìwo ewúrẹ́. Ẹ fi okùn dì í kó tó là, torí kóró inú rẹ̀ ní irun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Kóró tuntun máa ń hù láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tanná láàárín ọdún kan sí méjì.

Èyí tí ẹ bá gbìn láti ara ẹ̀ka yóò tanná bíi ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í sábà wú tó bẹ́ẹ̀.

Májèlé wà nínú oje rẹ̀

Láyé àtijọ́, àwọn ọdẹ ní àwọn apá ibì kan ní Áfíríkà máa ń fi oje igi yìí ṣe oró ọfà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ó lè fa èébì, inú rírun àti òòyì, ó sì lè pa èèyàn tàbí ẹran ọ̀sìn.

Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan ojú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbìn ín síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ewúrẹ́ kò ti lè dé.

Tí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ewé náà dání fún dókítà. Ẹ má ṣe fipá mú un bì, ẹ má sì fi epo pupa fi àkókò ṣòfò.

Ṣé ẹ lè hú ti inú igbó?

Kò dára bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò èyí tó ti dàgbà máa ń wọnú pàlàpálá àpáta, tí wọ́n bá sì ń hú u, yóò já. Ibi tó ti já ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà nílé. Àti pé igi tí wọ́n hú kúrò kò ní so kóró síbẹ̀ mọ́. Ẹ kúkú ra èyí tí wọ́n gbìn láti ara kóró. Kò ní náni lówó jù, ó sì ti mọ́ gbígbé inú ilé lára.