Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ni fóònù yín ń ṣe nígbà tí ọ̀nà bá dí?

Tó bá di alẹ́, tí kálukú ti délé, fídíò tó ń ṣí wéré láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nẹ́tíwọ̀kì la máa ń bú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ tó ń fi fídíò náà ránṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra rìn, kí ọ̀nà má baà dí pátápátá?

Báwo ni nǹkan ṣe ń lọ?

Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í lọ lódidi. Operating system, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Android tàbí Windows, á gé e sí wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan là ń pè ní páákẹ́ẹ̀tì, kì í sì í sábà ju báìtì 1,500 lọ. Ẹ̀rọ tó gbà á á fèsì pé ó ti dé.

Router ni oríta tí àwọn páákẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á tò sórí ìlà. Tí ìlà bá kún, router á da èyí tó bá tún dé nù. Bẹ́ẹ̀ ni, á dà á nù!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ní Berkeley, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, íntánẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ibi méjèèjì ò ju nǹkan bíi 400 yáàdì síra lọ, síbẹ̀ eré rẹ̀ já láti bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 40 péré. Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà tí páákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sọnù á tún sáré fi òmíràn ránṣẹ́, bí awakọ̀ tó ń ki orí bọ àárín go-slow.

Van Jacobson àti Michael Karels ló wá ojútùú sí i, wọ́n sì gbé e jáde ní 1988. Wọn ò fẹ ọ̀nà, sùúrù ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà.

Sùúrù náà rèé

Lónìí, Linux, tó wà lábẹ́ Android, máa ń fi páákẹ́ẹ̀tì 10 bẹ̀rẹ̀. Tí èsì bá dé, á di 20, á di 40. Tó bá ga débi kan, á wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Tí ọ̀kan bá sọnù, ó mọ̀ pé ọ̀nà ti ń dí nìyẹn, á dín in kù. Ìlànà àtijọ́ máa ń gé e sí ìdajì. CUBIC, tó wà nínú Linux àti Windows báyìí, máa ń fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Tí èsì kankan ò bá wá rárá, á padà sórí ẹyọ kan.

Ní 2016, Google gbé BBR jáde. Ìyẹn kì í dúró dìgbà tí páákẹ́ẹ̀tì bá sọnù. Ó ń wọn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó àti bí èsì ṣe ń pẹ́ tó.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Tí ẹ bá ń wa nǹkan márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan parí ná.

Kò sí ọlọ́pàá tó ń mú ẹ̀rọ tó bá ń sáré àsápajúdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kálukú ṣe ń fún ẹnìkejì láyè ni kò jẹ́ kí ti 1986 tún ṣẹlẹ̀.