Ẹ Má Bi Browser Léèrè Orúkọ

Àlọ́ tí a gbé sórí ìkànnì ẹgbẹ́ wa tò dáadáa lórí kọ̀ǹpútà iléèwé, àmọ́ lórí fóònù àtijọ́ màmá mi nílé, ṣe ló rí wúruwùru. Wọn ò rí i kà.

Ẹ má bi browser léèrè orúkọ o! Chrome pàápàá máa ń pe Mozilla àti Safari mọ́ orúkọ tiẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kí ẹ bi í. Nínú CSS, ẹ kọ́kọ́ kọ ìlànà tó rọrùn, tí gbogbo browser gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ @supports (display: grid), kí ẹ fi ètò tuntun sínú rẹ̀. Èyí tó bá mọ grid á lò ó. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á fò ó. Màmá náà á wá rí àlọ́ wa kà.