Kọ̀ǹpútà kan péré, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba: Ohun tí Chile dán wò rèé!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ ní ìsọ̀ méjì mẹ́ta, ẹ mọ ìṣòro yìí. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ nínú ìsọ̀ tẹ́ ò sí níbẹ̀, ìgbà wo lẹ máa gbọ́? Bó bá di ìparí oṣù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ohun tó dé bá ìjọba Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nìyẹn ní 1971. Ààrẹ Salvador Allende ti gba ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa bójú tó wọn di wàhálà. Ni Fernando Flores, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọba náà, bá kọ̀wé sí Stafford Beer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní cybernetics niṣẹ́ Beer. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí atukọ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Atukọ̀ kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá forí sọ àpáta. Bó bá ti yẹ̀ díẹ̀, kíá ló ti tọ́ ọ padà.

Òǹkà mẹ́ta ni Beer fi ń wọn ilé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi télọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Aṣọ mẹ́fà ló ń rán lọ́sẹ̀. Ó lè fi maṣíìnì tó wà ńlẹ̀ rán mẹ́jọ. Bí iná bá ń wà déédéé, á rán méjìlá. Méjì tó kọ́kọ́ sọ nù, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà. Mẹ́rin yòókù, àìsí iná ló jẹ ẹ́. Àrùn méjèèjì ò gba oògùn kan náà!

Kọ̀ǹpútà kan péré ni wọ́n rí lò, nítorí náà ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń kó òǹkà láti àwọn ilé-iṣẹ́ wá sí Santiago, olú-ìlú wọn. Bí nǹkan bá yí, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ṣètò pé kó kọ́kọ́ gbọ́. Bí apá rẹ̀ ò bá ká a ni ọ̀rọ̀ á tó dókè.

Nígbà tí àwọn onílọ́rì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1972, tẹ́lẹ́ẹ̀sì yìí nìjọba fi ń mọ ibi tí oúnjẹ ti ń tán àti ọ̀nà tó ṣí. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1973, sójà gbàjọba. Allende kú, Flores ṣẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ náà sì dópin. Atukọ̀ mọ̀ ọ́n tù, àmọ́ wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ka òǹkà mẹ́ta yẹn ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ́ ẹ tó na ọmọṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná ló jẹ̀bi.