Ìwé Ni Àbí Bọ́ọ̀lù? Ìyá Ọlọ́mọ, Má Tíì Ta Aṣọ Òkè Rẹ!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, inú ilé tiwa gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní í fi bò.

Ìyá wa ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún 16 ni, ó ku ọdún kan kó jáde ṣẹ́kẹ́ńdìrì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní í bá a nílé. Ìsàlẹ̀ òkè Màpó ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ́tò á dúró, wọ́n á máa pariwo orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó gbé fóònù méjì lọ́wọ́ tẹ̀lé e wá sílé wa ní Bẹ́yẹrúnká. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá wa. Ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire. Wúrà lẹ bí. Ejẹ́ńtì ni mí. Irú ọmọ yìí ni wọ́n ń wá lókè òkun. Ẹ jẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. ₦800,000 péré lẹ máa mú wá fún físà àti bàálù. Kó tó di ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, owó pọ́n-ùn lẹ óò máa kà."

Ìyá wa ò fojú ba oorun mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá wọn nídìí àpótí. Wọ́n ti kó aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn jáde, wọ́n fẹ́ lọ tà á. Wọ́n tún fẹ́ lọ bẹ olórí alájọ pé kó jẹ́ káwọn kó àjọ kó tó kàn wọ́n. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Àbúrò mi gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé mẹ́wàá, èló lẹ̀ ń gbà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí pé òótọ́ ni. Owó oṣù mi ò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí mo fi ń wọkọ̀ lọ. Mi ò lè fẹnu lásán dá a lóhùn. Ni mo bá lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí mo rí nìyí.

GÓÒLÙ MẸ́TA, ỌMỌ PÓÒLÌ ÀTI ỌMỌ MẸKÁNÍÌKÌ

Ta ni kò mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí n'Íbàdàn yìí? Òun ni wọ́n ń pè ní "Mathematical". Póòlì Ìbàdàn ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé ò dí i lọ́wọ́ kó má gbá bọ́ọ̀lù fún IICC Shooting Stars, bọ́ọ̀lù náà ò sì ní kó ju ìwé nù. Ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ náà na Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà pàdé Àljéríà ní pápá Sùúrùlérè l'Ékòó, nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà. Góòlù mẹ́ta sódo la fi nà wọ́n. Ọdẹ́gbàmí ló jẹ méjì níbẹ̀. Ta ló jẹ ẹ̀kẹta? Múdà Lawal ni, òun náà ọmọ Shooting Stars.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o! Múdà kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kó tó dẹni tí ayé mọ̀. Ìgbà márùn-ún ló gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà níbi ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, láti 1976 títí dé 1984. Lọ́dún 1991 tó kú, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápá ìṣeré kan l'Ábẹ́òkúta dòní.

Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù 1980 yẹn kan náà ni Adokiye Amiesimaka wà. Ẹ̀kọ́ òfin ló kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó sì di kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn náà.

Ẹ wò ó báyìí: ọmọ Póòlì, ọmọ mẹkáníìkì, lọ́yà, ife kan náà ni wọ́n jọ gbé. Nítorí náà, mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹni tí kò bá ka ìwé rẹpẹtẹ ò lè di ẹni ńlá nídìí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

BỌ́Ọ̀LÙ Ń DARÚGBÓ KÍÁKÍÁ

Alágbẹ̀dẹ ẹni ọgọ́ta ọdún ṣì ń rọ irin. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ṣì ń pa owó l'Ọ́jà'ba. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì, arúgbó ni wọ́n kà á sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì fi eékún ṣèṣe, ó lè má tó ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì.

Àwọn àgbà Ìbàdàn ò lè gbàgbé ọdún 1984. Shooting Stars tún dé àṣekágbá ní Áfíríkà, wọ́n pàdé Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n nà wá ní Káírò, wọ́n tún wá nà wá l'Ékòó. Inú bí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bá tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹni tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù lónìí, tí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a láìní ẹgbẹ́, kí ni yóò gbé lé ọwọ́? Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ náà tún padà dìde, wọ́n sì gba ife CAF lọ́dún 1992. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù kì í dúró dè é.

Ọdẹ́gbàmí fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 1984 yẹn, ebi ò sì lé e kiri. Ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Wasimi, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀.

L'ÁMẸ́RÍKÀ PÀÁPÀÁ, WỌ́N Ń RONÚ Ẹ̀

Ẹ má rò pé àwa nìkan la ní ìṣòro yìí. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọdún 18, ọ̀nà méjì ló máa ń wà níwájú wọn. Yunifásítì lè gbà wọ́n, kó san lára owó ilé-ìwé wọn tàbí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fún un. Kíláàbù náà lè pè wọ́n, kó máa san owó oṣù. Òfin tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ṣòro kó tó padà wá gbá a fún yunifásítì.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti gba ọ̀nà yunifásítì yẹn tipẹ́. Andrew Atuegbu wà nínú ẹgbẹ́ Yunifásítì San Francisco tó gba ife àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 1975 àti 1976. Thompson Usiyen lọ sí Appalachian State, góòlù 109 ló jẹ níbẹ̀, kó tó wá di ẹni tó ń gba owó nídìí bọ́ọ̀lù. Michael Emenalo lọ sí Yunifásítì Boston, ó sì tún bá Nàìjíríà lọ sí ife àgbáyé lọ́dún 1994. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó di ọ̀gá ńlá ní Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ gbọ́ ti Freddy Adu, ọmọ tí wọ́n bí ní Tema nílẹ̀ Gánà, tó dàgbà l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù olówó fún D.C. United lọ́dún 2004. Wọ́n ní Pelé mìíràn ti dé. Ṣùgbọ́n láti kíláàbù dé kíláàbù ló ń kiri, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ nípa rẹ̀ ò ṣẹ.

Kí n má ṣe ẹ̀tanú, Christian Pulisic náà ò dé yunifásítì. Ọmọ ọdún 16 ló lọ sí Dortmund ní Jámánì, ó sì bá Chelsea gba ife ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2021. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú tiwa, àwọn òbí rẹ̀ ìwé ni wọ́n fẹ́, òun bọ́ọ̀lù ló yàn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gba àmì ẹ̀yẹ obìnrin agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Michelle Alozie tó ti bá a gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, Yunifásítì Yale l'Ámẹ́ríkà ló ti jáde. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Houston, ó tún bá wọn ṣiṣẹ́ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn ọmọdé.

Orí kálukú ló yàtọ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù là, gbogbo ayé ló ń rí i. Àwọn tó lọ tí wọn ò là, ta ló ń ka orúkọ wọn?

OHUN TÍ Ẹ MÁA BI EJẸ́ŃTÌ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ di èyí mú bí ẹ ṣe ń di owó mọ́ ìró.

Èkíní, ọmọ ọdún mélòó lọmọ yín? Òfin FIFA ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ré kọjá lọ sí kíláàbù orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú àwọn ọ̀nà díẹ̀. Pulisic rí ọ̀nà lọ ní 16 nítorí pé bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ Kroatia, ó sì gba ìwé ìrìnnà ibẹ̀. Ọmọ Bẹ́yẹrúnká, ta ni bàbá rẹ̀ àgbà ní Kroatia?

Èkejì, ẹ ní kó mú láísẹ́ńsì FIFA rẹ̀ wá. Orúkọ àwọn ejẹ́ńtì tó ní i wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé bá yín wò ó.

Ẹ̀kẹta, ejẹ́ńtì gidi, inú owó tí kíláàbù bá ń san fún ọmọ ló ti ń gba ọ̀yà rẹ̀. Kì í ṣe inú àjọ yín.

Ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ló dárúkọ, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ̀wé sí yín. Ẹ bèèrè bóyá gbogbo owó ni wọ́n máa san àbí díẹ̀, nítorí pé oúnjẹ àti ilé gbígbé wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé ọmọ tó bá fi ìwé sílẹ̀ láì ṣe WAEC, ilẹ̀kùn yunifásítì ti tì mọ́ ọn nìyẹn, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tó.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ILÉ WA ṢE PARÍ

Télọ̀ ni bàbá wa, Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ò ní kí n gé ọwọ́ òsì kí n tó lè fi ọ̀tún ránṣọ. Kí ló dé tí ọmọ mi á fi gé ọ̀kan?"

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni mí, ó sì bínú jáde. Láti ọjọ́ náà, fóònù méjèèjì ò lọ mọ́.

Aṣọ òkè ìyá wa ti padà sínú àpótí. Àbúrò mi ń lọ sílé-ìwé, bó bá sì di Sátidé, á lọ ṣe ìgbaradì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Adamasíngbà. Ṣùgbọ́n kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín bíi tàtẹ̀yìnwá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ pé olóòótọ́ ni ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Olóòótọ́ ò ní í pa fóònù." Ó dákẹ́, ó yíjú sógiri.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.