Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí wọ́n ṣe ń di olùkọ́ yoga ní áṣírámù

Ẹ̀yin tó rò pé ká kàn máa na ẹsẹ̀ ni yoga, ẹ gbọ́ ná. Ní áṣírámù Sivananda, ibùdó yoga àti àṣàrò tó wà ní Neyyar Dam, ní Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ọ̀sẹ̀ 4 gbáko ni ẹ̀kọ́ olùkọ́. Swami Vishnudevananda ló dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1969.

Aago 6 àárọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti jókòó ti àṣàrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oúnjẹ lójúmọ́: kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò sẹ́yin, àlùbọ́sà pàápàá kì í dé ìdí ìkòkò. Kọfí ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀! Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san kò ní kó má gbálẹ̀. Iṣẹ́ ìsìn ni wọ́n kà á sí. Ìdánwò ló kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó bá wù, ẹ kọ́kọ́ fi jíjí ní ìdájí dánra wò nílé.