Ta Ni Yóò Jọ̀wọ́ Bọ́tìnnì?

Ẹ ti rí ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá parí, á jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè gbọ́ èsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀. Ìlànà wọn, tí à ń pè ní RS-485, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ dé nǹkan bí mítà 1200, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ǹpútà ń bi ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú táǹkì léèrè bóyá omi ti kún. Lẹ́tà 960 lè kọjá lórí wáyà náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan; kò sì yára jù láàárín irú rẹ̀. Bí ètò inú kọ̀ǹpútà bá tètè jọ̀wọ́ wáyà, ìparí ìbéèrè á gé. Bí iṣẹ́ mìíràn bá sì dá a dúró díẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ èsì á sọnù. Omi á máa ṣàn dànù, àwọn èèyàn á sì máa di ẹ̀bi ru wáyà tí kò ṣẹ̀.

Èmi fara mọ́ kí a fi iṣẹ́ yìí lé apá ẹ̀rọ tó ń ti lẹ́tà jáde lọ́wọ́. Òun ló mọ ìgbà tí lẹ́tà ìkẹyìn jáde, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sì jọ̀wọ́ wáyà, láì dúró de ètò kankan.