Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ojú Wa Kò Rí

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ láàmú: bí Olúwa bá ti rà wá padà nítòótọ́, èéṣe tí ẹ̀ṣẹ̀ kò tí ì kúrò lára wa? Àwọn kan ti ipa ìbéèrè yìí sọ ìrètí nù. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bi ara wọn léèrè rárá, nítorí wọ́n rò pé ọjọ́ ìrìbọmi ni gbogbo ọ̀ràn ti parí. Ọ̀nà méjèèjì ni kò tọ́. Kí a lè mọ bí ìwà mímọ́ ti ń dàgbà nínú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ìtàn rẹ̀ kan àwa ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n.

John Newton ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1725. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin olùfọkànsìn, ó sì fi Ìwé Mímọ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tí ì pé ọdún 7 nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀. Òun náà sì di atukọ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó di aláìgbọràn àti asọ̀rọ̀-òdì sí Ọlọ́run. Ìrìn àjò rẹ̀ gbé e dé etí òkun Sierra Leone, sọ́dọ̀ òyìnbó kan tí ń ta ẹrú, níbi tí ebi, àìsàn àti ẹ̀gàn ti bá a jà. Nígbà tí ó ń padà sílé ní oṣù Máàṣì ọdún 1748, ìjì líle kọlu ọkọ̀ wọn, omi sì rọ́ wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ké pe Ọlọ́run fún àánú. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láìrì, Newton sì ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ó dẹ́kun èébú àti ọ̀rọ̀ òdì.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún 1750 sí 1754, ọkùnrin tí ó ti képe Olúwa yìí jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ní ìrìn àjò mẹ́ta. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó máa ń kó àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ, a sì máa gba àdúrà pẹ̀lú wọn. Lábẹ́ pákó tí wọ́n dúró lé gbàdúrà ni ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé wà nínú ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ni ó mú un kúrò nínú òwò náà nígbà tí ó ṣe. Àìsàn òjijì ni, ní ọdún 1754. Ní ọdún 1764 ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Olney. Ó wàásù, ó bẹ aláìsàn wò, ó sì kọ àwọn orin ìsìn tí a ń kọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọdún 1788 ni ó tó tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó ṣe nínú òwò ẹrú, tí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ọdún 34 ti kọjá láti ìgbà tí ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó sì jẹ́rìí sí ọ̀ràn náà níwájú àwọn aláṣẹ ìjọba. Ní ọdún 1785, ó ti gba ọ̀dọ́kùnrin William Wilberforce níyànjú pé kí ó má ṣe fi ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀. Ní ọdún 1807 ìgbìmọ̀ náà fi òfin de òwò ẹrú, Newton sì kú ní oṣù Desẹ́ńbà ọdún náà gan-an.

Èéṣe tí ojú rẹ̀ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó là? Kì í ṣe pé kò gbàdúrà. Ohun mẹ́ta ni a rí. Èkíní, èrè wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà; ohun tí ń bọ́ wa kì í tètè dàbí ohun búburú lójú wa. Èkejì, àwọn ọlọ́lá ìlú ni ó ń ṣe é, nítorí náà kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ìyà náà ń jẹ kò ní ohùn níbi tí ó ti ń gbàdúrà.

Kí a má sì rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Nígbà tí Àlùfáà James Johnson ń ṣe alábòójútó ìjọ ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1877 títí di 1880, ó bá àwọn Kristiani kan níbẹ̀ tí wọ́n ní ẹrú, tí wọ́n sì ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ìfòyà. Nígbà tí ó kọ ojú ìjà sí àṣà náà, ọ̀pọ̀ wọn bínú sí i. Wọ́n ti kó òrìṣà dànù. Èyí tí ń roko fún wọn ni wọ́n kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ni ó wà nínú ilé tiwa? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ pé a ó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣé ó ń lọ, àbí ẹrù ni ó ń kiri nígbà tí àwọn ọmọ tiwa ń kàwé? Kóńgò tí a fi ń wọn gàárì ní ọjà, ṣé ìdí rẹ̀ kò wọ inú? Owó tí a gbà kí a tó fọwọ́ sí ìwé ẹni tí ó ń tọrọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, orúkọ wo ni a fún un? Ẹ má ṣe wí pé gbogbo ayé ni ó ń ṣe é. Ohun tí wọ́n wí ní Liverpool nígbà ayé Newton náà nìyẹn.

Báwo ni a ó ṣe ṣẹ́gun? Lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí a bá ń yẹ ara wa wò ní alẹ́, kí a má ṣe bi ọkàn wa nìkan léèrè, nítorí ọkàn a máa tan olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí a bi ẹni tí ó wà lábẹ́ wa: ọmọ ọ̀dọ̀, aya, alágbàṣe. Lẹ́yìn èyí, kí a ní ọ̀rẹ́ kan tí kì í bẹ̀rù láti bá wa wí. Bí a bá sì ti rí ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí a kúrò níbi tí ó ti ń jẹun, kí a sì san án padà bí Sákéù ti ṣe; ẹkún tí kò dá nǹkan onínǹkan padà kò tí ì di ìrònúpìwàdà. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a máa bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ fún ìmọ́lẹ̀, kí a má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tí ó bá dé yàrá tí a kò fẹ́ kí ó wọ̀.

Ẹni tí ó ti ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù, nítorí Ọlọ́run kò fi Newton sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ falẹ̀ pẹ̀lú. Ní gbogbo ọdún tí ó fi dákẹ́, ọkọ̀ ẹrú kò dákẹ́. Lẹ́yìn òfin ọdún 1807 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ òkun, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì gba ọmọdékùnrin Yorùbá kan sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí ó gbé e lọ sí Sierra Leone, etí òkun kan náà tí Newton ti jìyà. Àjàyí ni ọmọ náà, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a ti kó lọ ṣáájú rẹ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ojú wa kò rí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnì kan wà tí ó ń dúró de ọjọ́ tí ojú wa yóò là. Kí Olúwa jẹ́ kí ó là ní òní.